Òdo Tí Mo Kọ Fún Ọmọ Tó Lẹ́kọ̀ọ́

Mo fẹ́ràn ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, mi ò ní purọ́. Bí ọmọ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìkí mi, inú á bí mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọmọ tèmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfọ́tí ti dé etí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó gbọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ wọlé tọ̀ mí wá nínú kíláàsì tí wọ́n yá wa lò, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, tó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Mummy, ẹ kú iṣẹ́," ọkàn mi fà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń sùn ní téṣàn rélùwéè! Mo wo aṣọ rẹ̀ tó ti ṣá, mo wo híjáàbù rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, mo sì wí lọ́kàn mi pé ilé kan wà tí wọ́n ti tọ́ èyí.

Kí n sọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti wíwọn ọmọ ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní ilé ìlera kan ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí ètò kan dé pé kí a máa ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ tí kò nílé, àwọn tó ń sùn ní téṣàn, lábẹ́ ìsọ̀ ọjà àti ní gáréèjì, èmi ni wọ́n mú láti ilé ìlera wa. Wọ́n ní kì í ṣe ibà àti kúrúnà nìkan la máa wò lára wọn, ká wo ọkàn wọn náà. Olùkọ́ kan láti Pólì, ọmọ Èkìtì tó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín, ló kọ́ wa fún ọjọ́ méjì.

Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwa la máa fi Yorùbá bi ọmọ. Ṣé ó ń sùn dáadáa? Ṣé oúnjẹ ń wù ú jẹ? Ṣé ẹ̀rù máa ń bà á láìnídìí? Ìdáhùn tó bá fi ìṣòro hàn, ká kọ oókan sí i. Ọmọ tí tirẹ̀ bá tó mẹ́rin, dókítà tó ń wo àrùn ọkàn àti ọpọlọ, tó máa ń ti Ìlọrin wá, ni yóò rí i. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò wá àwọn ẹbí rẹ̀ rí, yóò sì dá a padà sọ́dọ̀ wọn. Iye tí mo bá kọ síwèé ló máa sọ ibi tí ọmọ ń lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí o bá ní kí ọmọ lọ rí dókítà ọpọlọ, wèrè lo pè é yẹn. Orúkọ yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn, á bá a dé ilé ọkọ, bí ọkọ bá tiẹ̀ wá. Nítorí náà, gbogbo òdo tí mo bá kọ ni inú mi ń dùn sí, bí ẹni pé mo ṣe ọmọ náà lóore.

"Ṣé o ń sùn dáadáa?" mo bi ọmọ náà.

"A dúpẹ́, Mummy."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Mò ń jẹun dáadáa, Mummy. Ọlọ́run ń ṣe é."

"Ṣé inú rẹ kì í bàjẹ́? Ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́?"

"Rárá o, Mummy. Kò sí wàhálà."

Kò gbójú sókè wò mí rárá, nítorí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Mo kọ òdo, mo fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó jókòó tì mí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Mo ní fún un pé, "Ẹ ò rí i? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Lẹ́yìn ọmọ náà ni ọmọbìnrin kékeré kan wọlé, ọmọ bí ọdún méje, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, wọn kì í ṣe ẹbí. Téṣàn ló so wọ́n pọ̀. Bí mo bá bi kékeré yìí ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n á mi orí díẹ̀, òun náà á wá sọ pé, "A dúpẹ́, Mummy." Mo rí i. Mo rí i dáadáa, mo sì rò pé ọmọ ń kọ́ ọmọ ní ìwà ni. Òdo.

Ọmọ mẹ́rìnlá la yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, mo kọ òdo fún mọ́kànlá. Nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan bú mi, ọ̀kan kọ ẹ̀yìn sí mi, ọ̀kan ò la ẹnu. Àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta yẹn ni mo ní kí dókítà wò. Nígbà tí olùkọ́ Pólì rí àkójọ náà, ó pè mí lórí fóònù. "Mummy, òdo mọ́kànlá? Ọmọ tó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní téṣàn? Ṣé kò pọ̀ jù báyìí?" Mo gbaná jẹ. Mo ní, "Ṣé kí n máa wá àrùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára ni? Ẹ wá bi wọ́n fúnra yín." Ó tọrọ àforíjì. Inú mi dùn pé ó tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ Ajé, wẹ́fíà gbé kékeré lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ọ̀jọkù. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gbé èyí àgbà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ní ìhà Ìkìrun. Mo fi iṣẹ́ náà sí ẹ̀yìn, mo padà sídìí abẹ́rẹ́ mi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo yà ní iwájú téṣàn láti ra àkàrà. Alhaja kan wà níbẹ̀ tó ń ta kókó àti àkàrà, ó ti pẹ́ tó ti ń bu èyí tó bá ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ téṣàn. Bí mo ṣe dúró, ọmọ kan sáré kọjá, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Mo mọ bàtà yẹn. Mo ti rí i lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa, wọ́n fi okùn pupa rán an níbi tó ti já. Òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wọ híjáàbù rẹ̀.

"Ọmọ tó ni nǹkan wọ̀nyí dà?" mo bi Alhaja.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe àdúà fún ọmọ yẹn o jàre," ni Alhaja wí, ó ń yí àkàrà nínú epo. "Ó ti há gbogbo ẹrù ẹ̀ tán. Àná ló fún eléyìí ní bàtà, ló fún tọ̀hún ní híjáàbù. Àwo tó fi ń gba kókó lọ́wọ́ mi, ó fọ̀ ọ́ mọ́ nigínnigín, ó gbé e fún mi, ó ní kí n fi fún ẹlòmíì. Ọmọ ọ̀làwọ́."

Mo ti ń la ẹnu láti sọ pé ọmọ àtàtà ni, nígbà tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ Pólì bọ́ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́ wa ló sọ ọ́, ọjọ́ tí mo ń tòògbé. Ó ní, "Ẹni tó bá ń pín ẹrù ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ní lò ó mọ́, ẹ má yìn ín. Ẹ wá a lọ, ẹ jókòó tì í, ẹ má fi í sílẹ̀." 

"Alhaja, ṣé ọmọ yìí ń sùn?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé kékeré lọ, tí mo bá dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti dáná, ìjókòó ni mo ń bá a. Kókó tí mo bù fún un lánàá, kò fi kan ẹnu."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Alhaja gbójú sókè wò mí. "Ṣé ẹ bi mí ni?"

 Mo bi í níbi tí ọmọ náà gbà, ó fi ṣíbí àkàrà tọ́ka sí ọ̀nà ojú irin, síbi tí àwọn ilé rélùwéè àtijọ́ wà. Ó ní kò tíì pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìgbà tó yá mo rí i pé eré ni mò ń sá, èmi tí mo fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, pẹ̀lú bébà àkàrà lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú irin kì í kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi pé kò ní kọjá lónìí? Mo ń ka ọjọ́ sókè bí mo ṣe ń sáré. Ọjọ́rú lònìí, Ọjọ́bọ̀ lọ̀la, Jímọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e lọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo sì ń bú ara mi láàárín àdúrà.

Abẹ́ igi dóńgóyárò kan ni mo ti rí i, ó jókòó, kò wọ bàtà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Bó ṣe rí mi báyìí ló dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy."

 Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó sì ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Èyí tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé kò sí o?"

"A dúpẹ́, Mummy."

Àṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bi wọ́n! Ìkíni ni mò ń kí àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ yìí wá, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àìmọye èèyàn ló ti bi mí bóyá mo sùn dáadáa, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí pé rárá. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí àgbà bá bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà náà lo máa fún un, ìbáà ṣe pé orí rẹ ń fọ́. Mo kó ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n fi ń wá ìrora, mo sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ-káàárọ̀-ẹ-kú-iṣẹ́, mo wá ń gbóríyìn fún ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n jẹ́ dáadáa. Ìbínú tó bí mi sí ara mi lọ́jọ́ náà, kò tíì tán títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo jókòó sílẹ̀. Kì í ṣe orí òkúta, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an, nínú iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù mi. Ọmọ náà fò dìde, ó fẹ́ gbọn ilẹ̀ fún mi, ó ní, "Mummy, ẹ má jókòó síbẹ̀." Mo fà á lọ́wọ́ jókòó.

"Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ," mo wí. "Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, mi kì í sùn ju wákàtí méjì lọ. Mo máa ń jí, mo máa ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì. Tí àwọn ọmọ mi bá pè, tí wọ́n ní ṣé ara yín le, màá ní a dúpẹ́. Irọ́ ni. Ara mi ò le. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi sọ ọ́. Ó kàn já bọ́ ni, omi sì wà lójú mi.  Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí lójú.

"Mi ò kí ń sùn, Mummy," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn. "Tí mo bá dijú, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n máa ń tì mí mọ́. Ìgbà míì, ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n ní ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n á gbé mi lọ, mo ní ó ti tó."

Mo mọ ohun tó kàn láti bi í. Olùkọ́ ti sọ ọ́: ẹ bi í gbangba, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fi èrò náà sí i lọ́kàn.  Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, wọn kì í pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, kí ikú má baà gbọ́.

"Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ni, Mummy."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi lọ́jọ́ orí rẹ̀.  Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi. Mi ò ní bínú sí ọ. O ò ní padà sílé yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fi Ọlọ́run búra fún ọ."

Ìgbà yẹn ló wá sọ èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. "Èmi ni mo kọ́ kékeré pé kó máa ní a dúpẹ́. Ìyá mi ló kọ́ mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní tí àgbà bá bi ọ́, má gbé ẹ̀dùn rẹ lé wọn lórí, ọmọ tó bá ń ráhùn, wọn kì í fẹ́ ẹ nílé. Kékeré máa ń ké lójú oorun, Mummy. Ó máa ń tọ̀ sára. Èmi ni mo máa ń dì í mú títí á fi dákẹ́. Ta ló ń dì í mú báyìí?"

Mi ò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí a fi dé ilé ìlera. Olùkọ́ Pólì dé kí n tó fi fóònù sílẹ̀ tán, kò sì ṣe àwàdà kankan lọ́jọ́ náà. A pe dókítà lórí fóònù ní Ìlọrin, ó ní kí a má fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan fún ìṣẹ́jú kan, òun ń bọ̀ lọ́la. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un nínú yàrá tí a ti ń wọn ọmọ, èmi àti Alhaja la sì ń gba ìṣọ́ fún ara wa.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ti tẹ ìwé ìrìnàjò ọmọ náà. Nígbà tí mo ní kó fà á ya, ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Kí ni kí n sọ fún ọ̀gá mi?" Mo gba ìwé àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi bírò pupa fa ìlà lórí òdo mi, mo kọ mẹ́jọ, mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ó tì mí lójú. Lẹ́yìn náà mo ní, "Níbo ni ìwé kékeré wà?" Ó ní, "Ó ti bá a lọ sí Ọ̀jọkù." Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Dókítà dé ní Ọjọ́bọ̀. Obìnrin ni, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ náà fún wákàtí méjì, ó kọ oògùn díẹ̀, ó ní òun yóò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Alhaja ní òun yóò gba ọmọ náà sílé òun. Wẹ́fíà ní àwọn yóò lọ wo ilé náà ná. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi gbé e lọ sí ìhà Ìkìrun, èmi àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wọ mọ́tò, ó di Ọ̀jọkù.

Ìyá bàbá kékeré ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé nígbà tí a dé. Bó ṣe rí wa ló fi ọ̀bẹ sílẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé orí.

"Ṣé ẹ ti rí i ni?" ó bi wa.

Kékeré ti kúrò nílé láti Ọjọ́rú. Ìyá àgbà rò pé Ọ̀fà ló padà sí, ó ti rán ènìyàn sí téṣàn, wọn ò rí i. "Ó ń tọ̀ sí mi lórí ẹní," ó wí. "Ó ń ké lóru bí ẹni tí wọ́n ń pa. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ọ́, ó ní a dúpẹ́, Ìyá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo nà án." Ó wọ inú ilé, ó mú bébà kan jáde tó ká sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi. Lẹ́tà tí wẹ́fíà fi gbé ọmọ náà fún un ni, wọ́n lẹ ìwé àyẹ̀wò mi mọ́ ọn. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Mi ò mọ̀wé, mo ní kí ọmọ aládùúgbò kà á fún mi. Ó ní ara ẹ̀ le. Tí wọ́n bá ti sọ fún mi pé ọmọ náà ń ṣàìsàn, ṣé màá nà án?"

Ó bú sẹ́kún. Mo wo ìwé náà, mo wo ìkọ̀wé mi tó rẹwà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wọ́ ọ. A wá ọmọ náà kiri Ọ̀jọkù títí oòrùn fi ń wọ̀, a bi àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Ìjàgbò, a bi àwọn tó ń ti oko bọ̀. A ò rí i.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni bí mo ṣe máa padà wọ ilé ìlera. Èyí àgbà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Alhaja, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ rí i, Mummy?"

Alhaja ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn rẹ̀ pé kí n ní bẹ́ẹ̀ni. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọmọ tó sọ lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn pé ayé ti tó òun, kí ló dé tí n kò ní fi irọ́ díẹ̀ tù ú nínú? Ara rẹ̀ le, ó ń bá ìyá àgbà bẹ iṣu, ó ní ká kí ọ. Gbogbo rẹ̀ ti wà létè mi.

"A ò rí i," mo wí. "Ó ti kúrò nílé. A ti ń wá a láti ọ̀sán."

Ó bú sẹ́kún, ẹkún gidi, tó fi ń lu ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ń yọjú láti yàrá kejì. Ó ní èmi ni mo gbé e lọ. Ó ní mi ò gbọ́n. Ó pè mí ní ìwọ, èmi, lójú àwọn aláìsàn. Mo dì í mú, mo jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó nu imú rẹ̀, ó ní, "Lọ́la, mo máa bá yín lọ."

Mo pe dókítà. Dókítà ní kí ó lọ, tí ọwọ́ ẹnìkan bá máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo.

"Mummy," ọmọ náà wí kó tó sùn. "Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má bi í ní nǹkankan. Èmi ni mo máa bi í."

Ọjọ́ Sátidé jẹ́ ọjọ́ ọjà ní Ọ̀jọkù, èrò pọ̀ bí omi. Òun ló ń ṣíwájú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fà mí. Kò wo ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ariwo bá pọ̀ jù ló ń lọ, ó ní ibi tí ariwo wà ni kékeré máa ń sùn sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Mẹ́ta nínú irú ibẹ̀ la wò. Ní ibi kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn àwọn àpò tí wọ́n tò jọ, a rí ẹsẹ̀ kékeré méjì tó yọ síta.

Ọmọ náà já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Mo dúró síbi tí ó ní kí n dúró sí. Ó wọ ẹ̀yìn àpò lọ, ó jókòó sílẹ̀, mo rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ títí, ó sì ń fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí sí kékeré, mo sì rí i létè rẹ̀ pé ìbéèrè mi ló ń bi í: ṣé o ń sùn dáadáa? Kékeré mi orí pé rárá. Ó tún béèrè. Kékeré tún mi orí, rárá, rárá, ó la ẹnu tí kò ní eyín iwájú, ó ń ké.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí mi. Ó na ọwọ́ òsì, ó fi ìka pè mí, bí àgbà ṣe ń pe ọmọdé tó ń fi iṣẹ́ ṣeré. Mo sáré lọ.